Oúnjẹ ọ̀sán òpin ọ̀sẹ̀ ní ilé oúnjẹ ńláńlá Èkó: ohun tí ìdílé Mùsùlùmí yóò béèrè kí wọ́n tó jáde nílé

Kì í ṣe gbogbo ayẹyẹ ló ń fẹ́ kánópì àti ìkòkò ìrẹsì ńlá mọ́. Ọmọ kan parí Kùránì, bàbá kan gba ìgbéga níbi iṣẹ́, àna dé láti Ìlọrin, tọkọtaya pé ogún ọdún nílé ara wọn. Ìdílé á fẹ́ wọ aṣọ tó dáa, kí wọ́n jókòó síbi tó tutù, kí ẹlòmíràn sì gbé oúnjẹ wá fún ìyá ilé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òpin ọ̀sẹ̀ ni àyè máa ń yọ fún irú nǹkan báyìí. Ọ̀sán ló sì bá ìdílé tó ní ọmọ kékeré àti àgbàlagbà mu, nítorí òru Èkó kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn.

Àwọn tó ń bi àáfà ní irú ìbéèrè yìí sábà máa ń fẹ́ kí a dárúkọ ilé oúnjẹ kan ṣoṣo fún wọn, kí wọ́n kàn máa lọ. Orúkọ nìkan kò tó. Ilé oúnjẹ tó tura fún ìdílé ní aago kan ọ̀sán Sátidé lè ti di ilé ọtí àti ijó nígbà tó bá fi di aago márùn-ún. Ibòmíràn wà tí wọn kì í dáná ọ̀sán rárá lópin ọ̀sẹ̀, alẹ́ ni wọ́n ń ṣí. Bí owó wọn ṣe gọbọi tó kò sì sọ pé ẹran inú abọ́ wọn jẹ́ hàláàlì. Nítorí náà, orí fóònù ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú mọ́tò.

Aago ilé ìdáná yàtọ̀ sí aago ilẹ̀kùn

Bí Google bá sọ pé ilé oúnjẹ kan ń ṣí ní aago méjìlá, ilẹ̀kùn ló ń sọ. Ilé ìdáná lè má tíì ṣe tán títí di aago kan. Ó sì lè dákẹ́ láti nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ alẹ́, nítorí àwọn ilé oúnjẹ tó ń tẹ̀lé àṣà òyìnbó máa ń ya ọ̀sán àti alẹ́ sọ́tọ̀. Ẹni tó bá dé ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò rí àga, yóò rí omi tútù, yóò rí ẹni tí yóò kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣùgbọ́n kò ní rí oúnjẹ. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹ má kàn béèrè bóyá wọ́n máa ń ṣí ní Sátidé. Ẹ béèrè pé: aago mélòó ni ilé ìdáná yín ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ọ̀sán, aago mélòó sì ni ẹni ìkẹyìn lè sọ ohun tó fẹ́ jẹ?

Mẹ́nù náà máa ń yí padà. Erékùṣù Victoria jẹ́ ibi iṣẹ́ báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí sì ni àwọn ilé oúnjẹ kan fi ń ṣe oúnjẹ ọ̀sán alábọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí owó rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, láti Mọ́ńdè sí Fúráídè. Ẹni tó rí owó yẹn lórí Instagram tó wá kó ọmọ mẹ́rin lọ ní Sátidé yóò bá mẹ́nù mìíràn lórí tábìlì. Ní Sọ́ńdè, àwọn kan kì í ta oúnjẹ ọ̀sán gidi mọ́. Brunch ni wọ́n ń tà, ìyẹn oúnjẹ tó pa ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán pọ̀: ẹyin, búrẹ́dì, pankéèkì, sọ́séèjì, pẹ̀lú orin. Ó lè dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí bàbá àgbà tó ń retí iyán yóò pè ní oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ ní kí wọ́n fi mẹ́nù ọjọ́ yẹn gan-an ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, pẹ̀lú owó lára rẹ̀. Ilé oúnjẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó fi ránṣẹ́. Èyí tó bá ń yẹra, ẹ yẹra fún òun náà.

Sátidé àbí Sọ́ńdè?

Sátidé ni ọjọ́ òde l'Ékòó. Láti ọ̀sán ni àwọn gbọ̀ngàn ayẹyẹ ti ń kún, ọkọ̀ á sì máa fà kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ ní Ozumba Mbadiwe àti lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, gùn tó kìlómítà 11.8. Bí jàǹbá kan bá ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀, ibi tí ènìyàn lè yà sí kò pọ̀. Ìdílé tó ń bọ̀ láti Agége tàbí Ìkòròdú tó gba tábìlì fún aago kan gbọ́dọ̀ ro èyí mọ́ ọn, nítorí ibi púpọ̀ kì í pa tábìlì mọ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n lọ.

Ọ̀nà máa ń dá ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá tú, láti bí aago kan sí méjì, àwọn ilé oúnjẹ á kún fún ìdílé tó ti ìsìn bọ̀, oúnjẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Ní tèmi, Sọ́ńdè ní aago méjìlá gééré ni mo fara mọ́ fún ẹni tó bá ń lọ sí Erékùṣù. Ẹ ó ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ jẹ kí èrò tó dé, ilé ìdáná á ṣì ní gbogbo ohun tó wà lórí mẹ́nù, ariwo kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè jáde nílé títí di ìyàlẹ̀ta Sátidé, kó dúró sí Ìkẹjà tó bá jẹ́ pé apá ibẹ̀ ló ń gbé. Oúnjẹ tí ènìyàn fi wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀ wá, bí ó ti wù kó dára tó, inú bíbí ni yóò fi jẹ ẹ́.

Ọjọ́ ìsinmi Ìtúnu Ààwẹ̀ àti ti Iléyá ní tiwọn, gbogbo ibi ló ń kún. Ẹ pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Ibi tí ènìyàn lè kọ́kọ́ pè

Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ni mo máa ń gba ìdílé tó ní arúgbó nímọ̀ràn láti kọ́kọ́ pè. Àwọn àlejò ń sùn níbẹ̀, nítorí náà ó kéré tán ilé oúnjẹ kan nínú hòtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ máa dáná láti àárọ̀ dé alẹ́, Sátidé àti Sọ́ńdè. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà, ibi ìgbọ́kọ̀sí wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ṣe àlùwàlá láìsí wàhálà. Ní Ìkẹjà, Sheraton wà lójú ọ̀nà Mobolaji Bank Anthony, Marriott tí wọ́n ṣí ní 2021 sì wà ní Joel Ogunnaike nínú GRA. Ní Erékùṣù Victoria, Eko Hotel ti wà láti 1977, ilé oúnjẹ tó wà nínú ọgbà rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan nínú wọn, Sky Restaurant, wà lókè pátápátá níbi tí ènìyàn ti ń wo òkun. Nínú irú ọgbà báyìí, ẹ má fi ẹnu lásán béèrè bóyá hòtẹ́ẹ̀lì ní oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ dárúkọ ilé oúnjẹ tí ẹ fẹ́ gan-an, nítorí ọ̀kan lè ṣí lọ́sàn-án kí èkejì jẹ́ ti alẹ́ nìkan. Radisson Blu Anchorage náà wà létí ọ̀sà ní Ozumba Mbadiwe, Cactus sì wà ní òpópónà kan náà. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn ibi tí wọ́n ti lè máa wo ọkọ̀ ojú omi.

Fún oúnjẹ ilẹ̀ wa tí wọ́n sè dáadáa síbi tó bójú mu, Terra Kulture wà ní òpópónà Tiamiyu Savage, Erékùṣù Victoria. Bọ́láńlé Austen-Peters ló dá a sílẹ̀ ní 2003. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló wà níbẹ̀: àwòrán wà, ìwé wà, gbọ̀ngàn eré orí ìtàgé sì wà, tó fi jẹ́ pé ọmọ tó bá jẹun tán yóò rí nǹkan wò kí àwọn àgbà tó ṣe tán. Bí eré bá wà lọ́jọ́ náà, èrò á pọ̀, ẹ béèrè. Yellow Chilli náà ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa, ó wà ní Erékùṣù Victoria àti ní Ìkẹjà. NOK by Alara ní òpópónà Akin Olugbade ń gbé oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà kalẹ̀ lọ́nà ìgbàlódé, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Alara tí David Adjaye ya àwòrán ilé rẹ̀. Ìkòyí ní ilé oúnjẹ olówó ńlá tó pọ̀ nínú àwọn ilé gbígbé àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe, ṣùgbọ́n alẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń wò, ọ̀sán òpin ọ̀sẹ̀ wọn kì í sì í dúró sójú kan.

Ibi tí ènìyàn lè kọ́kọ́ pè ni mo dárúkọ o. Mi ò jẹ́rìí hàláàlì fún ọ̀kankan nínú wọn, nítorí alásè ń yí padà, ẹni tó ń kó ẹran wá fún wọn náà sì ń yí padà. Ọ̀pọ̀ irú ilé báyìí ló ń ta ọtí.

Ẹran, ọbẹ̀ àti ohun mímu

Ibí ni ojú ti máa ń ti àwọn ènìyàn wa láti béèrè, wọ́n rò pé wéétà yóò fi ojú ará oko wo àwọn. Ojú kì í ti ẹni tí ẹ̀pà kò bá lára mu láti béèrè bóyá ẹ̀pà wà nínú ọbẹ̀. Kí ló dé tí ojú yóò fi ti Mùsùlùmí? Ohun tó dára ni pé kí ẹ béèrè ṣáájú, lórí fóònù, kí ẹ sì ní kí wọ́n bi ọ̀gá alásè fún yín. Wéétà tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Sọ́ńdè lè dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo ìbéèrè kó lè kúrò lọ́dọ̀ yín.

Púpọ̀ nínú ẹran màlúù tí wọ́n ń jẹ l'Ékòó ń ti àwọn ilé ìpẹran wá, èyí tí òkìkí rẹ̀ sì kàn jù ni ti Òkò-Ọba ní Agége. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dú màlúù níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àáfà kì í fi í yọ ara wọn lẹ́nu lórí màlúù tí wọ́n rà lọ́jà wa. Adìyẹ ló yẹ ká máa béèrè nípa rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́ tó wá nínú ọ̀rá, tó ti dì gbagidi, kò sí ohun tó fi ẹni tó pa á hàn. Adìyẹ dídì, ẹran màlúù àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ láti òkè òkun wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kí wọ́n kó wọlé. Nítorí náà, bí mẹ́nù kan bá ń polówó steak tó ti ìlú òyìnbó wá, ó tọ́ kí ẹ béèrè ibi tó gbà wọlé àti bóyá ó ní ìwé ẹ̀rí hàláàlì.

Àwọn onímímọ̀ kò fi ẹnu kò lórí bí ìwádìí yìí ṣe yẹ kó jinlẹ̀ tó. Àwọn kan dúró lórí ẹsẹ̀ karùn-ún Súrà Al-Mâ'idah, tó ṣe oúnjẹ àwọn tí a fún ní tírà ní ẹ̀tọ́ fún wa, àti lórí àdíísì ìyá wa Àíṣà nínú Bukhari, nípa àwọn tí kò mọ̀ bóyá wọ́n dárúkọ Ọlọ́hun sí ẹran tí wọ́n gbé wá fún wọn, tí Ànábì sì ní kí àwọn fúnra wọn dárúkọ Ọlọ́hun kí wọ́n jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn ní ẹran ìgbàlódé tí ẹ̀rọ ń pa kò sí lára ìyẹn. Mi ò ní parí àríyànjiyàn yẹn níbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fọkàn balẹ̀ ní ọ̀nà kan tó rọrùn púpọ̀: ẹja. Mọ́síháàbù Màlíkì tí à ń tẹ̀lé nílẹ̀ Yorùbá fàyè gba gbogbo ẹran omi, Èkó sì jẹ́ ìlú olómi. Ẹja àpò tí wọ́n yan, edé ńlá, ilá tí wọ́n fi ẹja àti akàn sè: àwọn ilé oúnjẹ wa mọ̀ wọ́n ṣe. Mo ti rí ìdílé tó jẹ ẹja láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí kò sì sí ẹni tó rántí pé kò sí ẹran níbẹ̀.

Ó ku ọ̀nà tí wọ́n gbà sè é. Ọbẹ̀ ni ọtí máa ń fara pa mọ́ sí jù. Àwọn alásè oúnjẹ Faransé àti Ítálì máa ń da wáìnì sí ọbẹ̀ ẹran àti ẹja, brandy sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ oníyèrè tí wọ́n ń dà lé steak lórí. Ní ilé oúnjẹ Japan, mirin jẹ́ wáìnì ìrẹsì tí wọ́n ń lò nínú ọbẹ̀ dídùn bíi teriyaki. Ti Ṣáínà náà ní wáìnì ìrẹsì tirẹ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Nínú oúnjẹ Ítálì, carbonara gidi kò lè ṣe kó má ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ohun dídùn ìkẹyìn tí wọ́n ń pè ní tiramisu sábà máa ń ní ọtí nínú, gelatin tó sì mú panna cotta dì lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Ní brunch, sọ́séèjì àti bacon ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ka sí. Bí wọ́n bá ní ti màlúù tàbí ti tòlótòló ni, ẹ béèrè bóyá páànù kan náà ni wọ́n fi ń dín ti ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ ìlú tan yín jẹ. Ilé oúnjẹ Lẹ́bánónì kì í ṣe ilé oúnjẹ Mùsùlùmí dandan. Àwọn Kristẹni pọ̀ ní Lẹ́bánónì, arak tí wọ́n ń mu níbẹ̀ sì jẹ́ ọtí líle. Ti Íńdíà ní àǹfààní kan: oúnjẹ aláìlẹ́ran wọn pọ̀, ó sì ní adùn gidi, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò dá lójú nípa ẹran lè yó láìfọwọ́ kan ẹran kankan.

Chapman wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí ló ń bu Chapman fún ọmọ wọn láìronú, nítorí Fanta àti Sprite ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fún un ní òórùn yẹn ni Angostura bitters tí wọ́n ń kán sí i, igo bitters yẹn sì ní ọtí tó tó 44.7% nínú. Òótọ́ ni pé díẹ̀ ni wọ́n ń kán sí i. Ẹ ṣáà ní kí wọ́n ṣe tiyín láìsí bitters. Wọ́n lè ṣe é, kò sì ní kí wọ́n gbowó lé e. Bákan náà ni gbogbo ohun mímu tí wọ́n bá pè ní mocktail: ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní ti jíjókòó síbi tí ọtí wà, àdíísì wà nínú Tirmidhi tó kọ̀ fún onígbàgbọ́ láti jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gbé ọtí káàkiri. Ẹni tó bá rí ilé oúnjẹ tí wọn kì í ta ọtí rárá, ibẹ̀ ni kó lọ, bí àga ibẹ̀ kò tilẹ̀ dára tó ti ibòmíràn. Bí kò bá rí, tábìlì tirẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Kó sọ pé kí wọ́n kó ife wáìnì tí wọ́n ti tò sílẹ̀ kúrò, kó gba ibi tó jìnnà sí báà àti sí àwọn tó ń fa ṣíṣà. Ẹ̀yin tí ẹ bá pọ̀ tó mẹ́wàá, ẹ béèrè yàrá àdáni. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ní in, ẹ sì lè bá wọn ṣàdéhùn pé kí ọtí má wọ ibẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá DJ wà lọ́jọ́ náà, àti aago tí yóò bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí ìbéèrè fi pọ̀ tó báyìí ni pé ìwé ẹ̀rí hàláàlì kò wọ́pọ̀ lára ògiri ilé oúnjẹ wa. Àwọn ará wa tó wà ní London ní ìrọ̀rùn díẹ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ HMC àti HFA wà tí wọ́n ń fún ilé oúnjẹ ní ìwé ẹ̀rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò rí bákan náà: HMC kò gba kí wọ́n fi iná mànàmáná tàbí ohun mìíràn dá ẹran kú kí wọ́n tó dú u, HFA gba irú kan tí kò ní pa ẹran náà. Àwọn tó ń bọ̀ nílé fún ìsinmi máa ń wá irú ìwé yẹn l'Ékòó, ojú wọn á sì máa wò. Níbí, ẹnu ni a fi ń wádìí.

Ìrun Àyìlà

L'Ékòó, Àyìlà máa ń wọlé láàárín aago méjìlá ààbọ̀ sí aago kan ọ̀sán jákèjádò ọdún, Àláásárì sì máa ń wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Oúnjẹ ọ̀sán bọ́ sáàárín méjèèjì gẹ́lẹ́. Ẹni tó gba tábìlì ní aago méjìlá lè jẹun tán kó kírun ní aago méjì ààbọ̀, ìrun rẹ̀ kò tíì pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí i ní kété tó bá wọlé, aago kan ààbọ̀ ló yẹ kó gba tábìlì. Èyí tí kò dára ni aago méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta: oúnjẹ á pẹ́, àwọn ọmọ á máa ké, Àláásárì á sì bá yín nídìí ìwé owó.

Ní Lẹ́kí Phase 1, mọ́sáláṣí gbogbogbòò ti Lẹ́kí wà. Ní apá Ìkẹjà, ti Sẹkitéríàtì wà ní Àlàúsà, bẹ́ẹ̀ ni ti Ìsàlẹ̀ Èkó wà ní òpópónà Nnamdi Azikiwe fún ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá. Nínú hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ sọ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń gba tábìlì pé ẹ ó fẹ́ ibi tí ẹ ó ti kírun. Tí wọ́n bá gbọ́ ṣáájú, wọ́n sábà máa ń wá yàrá ìpàdé kan tó ṣófo. Ẹni tó sọ ọ́ lójijì ni wọ́n ń júwe igun ibi ìgbọ́kọ̀sí fún.

Iye tí wọn kò kọ sára mẹ́nù

Owó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oúnjẹ kọ́ ni ẹ ó san. Owó orí VAT jẹ́ 7.5% láti 2020. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2009 fi 5% lé oúnjẹ tí ènìyàn bá jẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ. Ilé oúnjẹ fúnra rẹ̀ tún lè fi owó ìtọ́jú oníbàárà lé e, tí wọ́n ń pè ní service charge, 10% wọ́pọ̀. Bí oúnjẹ bá jẹ́ ₦100,000, ₦7,500 á lé e, ₦5,000 á tẹ̀lé e, ₦10,000 á gun un lórí, ó di ₦122,500. Ìdílé tó mú ₦100,000 wá gééré ti wọ gbèsè níwájú àna rẹ̀ nìyẹn. Àwọn mẹ́nù kan wà tí owó orí ti wà nínú iye wọn; ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé, ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ibẹ̀ ló ń sọ ọ́. Tí service charge bá ti wà nínú ìwé owó, kò pọn dandan kí ẹ tún fún wéétà ní nǹkan, àyàfi tí inú yín bá dùn sí i.

Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá iye kan wà tí tábìlì yín gbọ́dọ̀ ná ní Sọ́ńdè, bóyá bọ́fẹ̀ẹ́ ọmọdé dín sí ti àgbà àti láti ọdún mélòó, àti bóyá wọ́n ń gbowó lórí kéèkì tí ẹ bá gbé wá láti ìta. Bọ́fẹ̀ẹ́ ṣe ẹni tó ní ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta lóore. Fún ìyá àgbà tó máa jẹ ṣíbí mẹ́rin, ó wọ́n. Ẹ gba oúnjẹ ẹlẹ́yọ fún un tí wọ́n bá gbà.

Òfin àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, sọ pé ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ fi iye hàn, kò sì gbọdọ̀ gbà ju iye tó fi hàn lọ. Bí ìwé owó bá yàtọ̀ sí mẹ́nù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ fi han ọ̀gá ibẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Ìdí mìíràn rèé tí mo fi ní kí ẹ gba mẹ́nù sórí WhatsApp. Bí kò bá yanjú, àjọ FCCPC ti ìjọba àpapọ̀ àti LASCOPA ti Ìpínlẹ̀ Èkó ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké

Ní ti aṣọ, jàlàbíà àti híjáàbù kì í fa wàhálà. Sálúbàtà àti ṣòkòtò péńpé lára ọkùnrin ló ń fa ìdádúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ béèrè àkàbà mélòó ló wà tí orúnkún bá ń dun ẹnì kan nínú yín, àti bóyá àga ọmọ ọwọ́ wà. Ẹ fún ọmọ kékeré ní nǹkan díẹ̀ jẹ kí ẹ tó jáde, nítorí oúnjẹ tí wọ́n ń sè lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ ọ́ lè gbà tó ìṣẹ́jú ogójì.

Orúkọ ẹni tó gba ìpè yín, iye ènìyàn, aago, ibi tí ẹ fẹ́ jókòó, àti ohun tí wọ́n sọ nípa ẹran: ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ padà sí yín, kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀. Bí ètò bá yí padà, ẹ pè wọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ tó ṣáájú tó ṣú, nítorí ibi púpọ̀ kì í dá owó náà padà fún ẹni tó bá pè lọ́jọ́ náà gan-an.